Tẹ́ẹ̀sì ibà mú, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ wà: ìyá kan tó ń gba kímò ní Ìkòròdú

Ìyá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí, ọmọ ọdún 52 ni wọ́n, ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń tà, ilé wọn ò jìnnà sí Ẹbúté, ìsọ̀ wọn sì wà lápá Sábó. Mi ò ní dárúkọ, mo sì ti yí àwọn nǹkan kéékèèké kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀, àmọ́ bọ́rọ̀ ṣe lọ gan-an ni mo kọ síbí, bí èmi nọ́ọ̀sì ṣe rí i ní wọ́ọ̀dù àti bí ọmọ wọn obìnrin ṣe tò ó fún mi lẹ́sẹẹsẹ nígbà tí ara balẹ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kẹ́míìsì, ẹ̀yin CHEW, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, tẹ́ ẹ wà ní hẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà káàkiri Ìkòròdú, ẹ̀yin ni mo ń bá wí jù, torí ọ̀dọ̀ yín ni irú èèyàn báyìí máa kọ́kọ́ dé kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà jẹjẹrẹ kankan.

Kókó ni wọ́n rí ní ọyàn òsì. Wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì, jẹjẹrẹ ni, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn ní ọsibítù ńlá kan nígboro Èkó, wọ́n yọ ọyàn náà, ojú ọgbẹ́ jinná dáadáa, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ. Èyí tí wọ́n fún wọn là ń pè ní AC, ìyẹn doxorubicin pẹ̀lú cyclophosphamide, ọjọ́ 21 sí 21, ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí wọ́n tó bọ́ sórí kímò míì, paclitaxel. Doxorubicin ni oògùn pupa yẹn tó máa ń jẹ́ kí ìtọ̀ èèyàn pọ́n, ìyá náà ní ẹ̀jẹ̀ làwọn rò pé àwọn ń tọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ariwo sọ nínú ilé, àfìgbà tí ọmọ wọn pe nọ́ọ̀sì tí nọ́ọ̀sì ní àwọ̀ oògùn ni.

Kímò àkọ́kọ́ ò le. Wọ́n bì fún bí ọjọ́ méjì, irun já, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu, ó tán. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, torí nígbà tí àkọ́kọ́ ti lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ báyẹn, gbogbo ilé ti gbà pé ara Mọ́mì gba kímò, ẹ̀rù ò bà wọ́n mọ́. Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n gba ìkejì, ibà ṣe wọ́n, wọ́n lo oògùn ibà, ó lọ. Ẹ fi ibà yẹn sọ́kàn, a máa padà débẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fún wọn ní ìwé pélébé kan. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní tára bá gbóná kí wọ́n wá sọ́síbítù lójú ẹsẹ̀. Ọsibítù wo? Ìwé ò sọ. Ẹni tó kọ ọ́ ò ro ti ẹni tó ń gbé Ẹbúté, tó máa gba Mile 12 kọjá, gba Kétu, gba Òjótà, kó tó dé ibi tí ìwé ń wí, tí lójú ẹsẹ̀ yẹn lè di wákàtí mẹ́ta gbáko tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ń bẹ lọ́nà. Ohun tí ìyá gbọ́ nínú ìwé yẹn ni pé ibi tí wọ́n ti ń fún àwọn ní kímò nìkan làwọn lè lọ, ibẹ̀ sì jìnnà, ó ń náni lówó, torí náà àyàfi tó bá le kọjá sísọ. Mo ti bi àwọn míì tó ń gba kímò ládùúgbò wa, bó ṣe yé wọn náà nìyẹn.

Ní nǹkan bí ọjọ́ keje lẹ́yìn kímò kejì, egbò yọ sí wọn lẹ́nu, ata ò ṣeé fi kan ahọ́n, ẹ̀kọ àti omi ọbẹ̀ ni wọ́n ń mu. Ọjọ́ kẹsàn-án lálẹ́, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, wọ́n gbọ̀n rìrì lábẹ́ aṣọ, wọ́n lo paracetamol méjì, òógùn bò wọ́n, ara wá tutù. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tiẹ̀ dé ìsọ̀. Lọ́sàn-án ó tún dé, wọ́n tún lo méjì, ó tún lọ. Ara tó ń gbóná tó ń tutù báyìí ló tan gbogbo ilé jẹ, torí lójú tiwa níbí, ohun tí ibà máa ń ṣe gan-an nìyẹn, ó ń lọ ó ń bọ̀.

Fún ẹni tí iṣẹ́ yìí ò yé dáadáa, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Kímò kì í mọ ọ̀tá mọ ọ̀rẹ́, ohun tó bá ṣáà ń yára pín lára ló ń pa, ìdí nìyẹn tí irun fi ń já, tí inú ẹnu àti inú ìfun fi ń bó, tí mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, náà fi ń dákẹ́ iṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ funfun, èyí tí wọ́n ń pè ní neutrophil ló máa ń kọ́kọ́ dé ibi tí kòkòrò bá gbà wọlé. 1,500 sókè nínú microlitre kan ni wọ́n ń kà sí dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọ̀pọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú máa ń wà nísàlẹ̀ ìyẹn díẹ̀ láìsí àrùn kankan. Àárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn irú kímò yìí ló máa ń já wálẹ̀ jù. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ 500, tí ara wá gbóná dé 38.3 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí tó dúró sórí 38.0 fún wákàtí kan, emajẹ́ńsì ni, àntíbáyọ́tíìkì tó lágbára gbọ́dọ̀ wọ inú iṣan láàrin wákàtí kan tẹ́ni náà bá ti wọ ẹnu ọ̀nà. Egbò ẹnu yẹn nìkan tó ilẹ̀kùn fún kòkòrò. Kòkòrò tó ti ń gbé ẹnu àti ìfun wa láti kékeré, tí kì í ṣe wá ní nǹkan kan, òun náà ló máa wọnú ẹ̀jẹ̀ lásìkò yìí.

Ọjọ́ kẹwàá nírọ̀lẹ́, wọ́n lọ sí kẹ́míìsì ìtòsí ilé. Mi ò fẹ́ kẹ́ni tó ń ka èyí máa bú oníkẹ́míìsì o, torí ó ṣe ju ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lọ, ó fi tẹmọ́mítà sí wọn lábíyá, ó ka 37.6, ó ṣe tẹ́ẹ̀sì ibà onílà kí ó tó tà oògùn, ó sì bi wọ́n pé oògùn wo ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní oògùn BP nìkan. Kí ló dé tí wọn ò sọ ti kímò? Nígbà tí ara wọn yá tí mo bi wọ́n, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní ṣé níwájú àwọn ará àdúgbò tó dúró síbẹ̀ ni káwọn ti sọ ọ́, wọ́n ní obìnrin tó dúró lẹ́yìn àwọn tó fẹ́ ra ọṣẹ, ìsọ̀ òun àtàwọn kọjú síra ni, tó bá gbọ́ jẹjẹrẹ, ẹni tó máa ra ẹja lọ́wọ́ àwọn máa wọ́n. Gbogbo ìgbà yẹn gèlè ni wọ́n fi ń bo orí. Ọmọ wọn àti ẹ̀gbọ́n wọn kan nìkan ló mọ̀, pásítọ̀ pàápàá ò tíì gbọ́.

Tẹ́ẹ̀sì fi ìlà méjì hàn. Ibà wà. Ọ̀rọ̀ parí lójú gbogbo wọn. Oníkẹ́míìsì tà oògùn ibà, artemether-lumefantrine, fún wọn, ó tún gún wọn lábẹ́rẹ́ méjì ní ìdí ọ̀tún, artemether kan fún ibà, diclofenac kan fún ìrora torí wọ́n ní gbogbo ara ń ro àwọn.

Ẹ wo ohun tó pàdé ara wọn níbẹ̀. 37.6 yẹn kì í ṣe ìgbóná ara wọn gan-an, paracetamol ọ̀sán ló fà á wálẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n ohun tí wọ́n ti gbé mì kí tẹmọ́mítà tó wọlé. Tẹ́ẹ̀sì onílà yẹn, ohun kan tí kòkòrò ibà máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń wá, nǹkan yẹn sì lè wà lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò tán, ẹni tó ti lo oògùn ibà láìpẹ́ ni wọ́n kúkú jẹ́. Àti pé ká tiẹ̀ ní ibà tuntun ni, ṣé ibà ní kí nǹkan míì má wọlé ni? Diclofenac wá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìgbóná lọ, ìrora lọ, ìyá rìn lọ sílé, wọ́n tiẹ̀ kí oníkẹ́míìsì pé ó ṣé.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òru, wọ́n fẹ́ lọ tọ̀, wọ́n dìde, wọ́n ṣubú. Ọmọ wọn tó ń gbé Agric ti sùn sílé wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a dúpẹ́. Ara wọn ò gbóná mọ́, ó tutù, ọwọ́ tutù bí omi, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò já gaara. Ọmọ pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé kímò, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Ó wá fẹ́ kí wọ́n máa gbé wọn lọ sí ìgboro tààràtà, alábàágbé wọn tó ní mọ́tò ló kọ̀, ó ní àǹtí, ojú tí màmá ń mú yìí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúró níbi tí wọ́n ti lè fa omi sí wọn lára. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ló jẹ́ ká ní ìtàn tó gùn tó báyìí láti sọ. Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn, ọsibítù aládàáni kékeré kan ní Ìkòròdú.

Ìgbóná ara ní ẹnu ọ̀nà: 36.9. BP 84/50. Ọkàn ń lù ní 130, èémí 28. Tó bá jẹ́ tẹmọ́mítà lẹ máa tẹ̀ lé, ẹ máa kọ ọ́ pé ara ò gbóná, ẹ sì máa ní àárẹ̀ ni, ebi ni, oògùn ibà ló ká wọn mọ́. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà kéré lọ́jọ́ orí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrú ìlú ni, àmọ́ ìbéèrè méjì tó bi ọmọ yìí ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní, "Kí ni Mọ́mì ti lò láti àná, gbogbo ẹ̀, títí kan àgbo?" Ó tún ní, "Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ rí?" Ọmọ ò kọ́kọ́ dáhùn ti iṣẹ́ abẹ. Ó wo ìyá ẹ̀. Dókítà ní kí àwọn tó kù bọ́ síta, ó ku èmi, òun, ìyá àti ọmọ, ọmọ wá ṣí báàgì, ó yọ ìwé kímò. Dókítà ka ọjọ́ lórí ìka, ọjọ́ kẹwàá. Ó ní kó má sí ẹni tó máa dúró de èsì ẹ̀jẹ̀ kankan.

Ọ̀rọ̀ owó wá dé. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí, díípọ́síìtì kọ́kọ́, fáìlì kọ́kọ́. Ohun tí dókítà ṣe ni pé ó mú oògùn àkọ́kọ́ látinú àpótí emajẹ́ńsì, ó ní orúkọ òun ni kí wọ́n kọ ọ́ sí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àntíbáyọ́tíìkì tá a ní nílé ni ceftriaxone àti gentamicin, òun la lò, a fa ẹ̀jẹ̀ fún culture, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì tó ń wá irú kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, kó tó wọlé, ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ló gbà. Dírípù ń ya wọ inú apá méjèèjì. Mo mọ àwọn kan tó máa ní torí pé meropenem, àntíbáyọ́tíìkì tó lágbára ju ìwọ̀nyí lọ, ò sí, ká dúró dìgbà tí wọ́n bá rà á dé. Rárá o. Ẹ fi èyí tẹ́ ẹ ní bẹ̀rẹ̀ kí ẹni kan máa sáré wá èyí tó dáa jù. Nígbà tó fi máa di àfẹ̀mọ́jú, wọ́n ti rí meropenem ra ní fámásì kan tó ń ṣí mọ́jú, a pààrọ̀ rẹ̀, a sì yọ gentamicin kúrò torí BP ti lọ sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, diclofenac sì ti wà nílẹ̀, kíndìnrín ò nílò ẹrù kẹta.

Èsì ẹ̀jẹ̀ jáde láàárọ̀: ẹ̀jẹ̀ funfun 800, neutrophil 110, PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa, 25, platelet, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá lójú ọgbẹ́, 48,000. Onímọ̀ ẹ̀rọ láàbù wò ẹ̀jẹ̀ nínú maikirosíkóòpù fún ibà, kò rí kòkòrò kan. Ọjọ́ kejì ó tún wò ó, kò tún rí. Dókítà ní kí wọ́n lo oògùn ibà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ parí, kò ṣe nǹkan kan, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tún sọ ọ́ ní wọ́ọ̀dù yẹn pé ibà ló gbé ìyá yìí wá.

Lóru tí wọ́n dé yẹn, aago mẹ́rin ìdájí ni oògùn kẹ́míìsì tó kúrò lára wọn, ìgbóná jáde, 39.2.

Àwọn ẹbí dé láàárọ̀, wọ́n ní ká gbé wọn lọ sí ọsibítù kímò, kí là ń ṣe pẹ̀lú wọn níbí. Kò burú, mo yé wọn. Dókítà jẹjẹrẹ tá a rí bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ló bá wọn sọ ọ́, ó ní ẹni tí BP ẹ̀ wà ní 86 kì í ṣe ẹrù ojú títì, ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀ títí ara á fi lè gbà á, òun á máa darí wọn látibí. Ó sì ṣe é lóòótọ́, ó ń pè láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ kejì BP ti dé 104/66, wọ́n ń tọ̀ dáadáa, ojú ti là. Kò sídìí láti gbé wọn mọ́.

Yàrá àdágbé ò sí ní ọ̀dọ̀ wa, yàrá kékeré kan lápá ẹ̀yìn la fi wọ́n sí, fèrèsé ṣí sílẹ̀, omi àti ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà. Àlejò ni ìdààmú tó kù. Ọjà ti gbọ́ pé Ìyá Ẹlẹ́ja wà lọ́síbítù, wọ́n ń bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọsàn, ìbẹ́pẹ tí wọ́n ti gé, ọmọ tó ń wúkọ́ lẹ́yìn ìyá ẹ̀. Ìjọ náà fẹ́ wá gbọ́wọ́ lé wọn lórí, kí wọ́n fòróró yàn wọ́n. Ọmọ wọn ló lo ọgbọ́n, ó pe pásítọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ òótọ́ fún un, pásítọ̀ gbàdúrà látorí fóònù, ó sì sọ fáwọn tó kù pé dókítà ò fẹ́ èrò. Kẹ́ni tó bá wà nípò pásítọ̀ tàbí ààfáà mọ òótọ́ kíákíá, àǹfààní ẹ̀ pọ̀ ju gbogbo ìkìlọ̀ tá a lẹ̀ mọ́ ara ògiri lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí meropenem ti ń wọlé, a rò pé a ti bọ́, ìgbóná padà dé, 38.7. Culture kò mú kòkòrò kankan jáde, ìyẹn kì í ṣe tuntun, nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nírú ipò yìí kì í mú nǹkan jáde. Àyà mọ́, ìtọ̀ mọ́, egbò ẹnu ti ń san. Dókítà wò wọ́n látòkè délẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ẹni tó rí i ni atọ́jú aláìsàn tó ń gbé wọn jókòó sórí póò lóru. Ìyá ti ń sọ fún un láti ọjọ́ kejì pé ìdí ọ̀tún ń dun àwọn, wọn ò sọ fún dókítà torí ọmọkùnrin kékeré ni lójú wọn, ìtìjú mú wọn, àwa nọ́ọ̀sì tó ń wọlé pẹ̀lú ẹ̀, ojú ẹ̀ náà ni wọ́n ń wò. Atọ́jú yìí sọ ọ́ nígbà tá a ń ṣe háńdófà, tá a ń gbé iṣẹ́ lé ara wa lọ́wọ́, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí ò tó nǹkan.

A ṣí aṣọ, a wò ó. Ojú abẹ́rẹ́ dúdú, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, tó o bá tẹ̀ ẹ́ ìyá á lọgun. Kò wú. Kò le. Kò pọ́n dà bí alárà. Nọ́ọ̀sì kan ní kì í ṣe eéwo, ẹ̀jẹ̀ tó tú sábẹ́ awọ lásán ni torí platelet wọn kéré. Ó tọ̀nà lórí ẹ̀jẹ̀ títú yẹn, abẹ́rẹ́ inú ẹran ara nígbà tí platelet ti já wálẹ̀, ohun tó máa ń fà nìyẹn. Ibi tí kò ti tọ̀nà ni pé ó ń retí wíwú àti ọyún. Neutrophil ló ń di ọyún, òun ló ń jẹ́ kójú ibẹ̀ wú kó sì gbóná, ẹni tó ní 110, kí ló fẹ́ fi wú? Lára irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ìrora nìkan ni kòkòrò fi máa ń kanlẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá ní kẹ́ ẹ mú nǹkan kan nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí lọ sí wọ́ọ̀dù yín, ibí yìí ni: ibi tó bá ń dùn wọ́n, ẹ ṣí i wò, tí ẹ ò bá sì rí nǹkan kan, ẹ má gbà pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Dókítà fi àntíbáyọ́tíìkì míì, vancomycin, kún un lọ́jọ́ náà. Ó tún fi filgrastim kún un, abẹ́rẹ́ tó ń ti mùdùnmúdùn egungun kó tú ẹ̀jẹ̀ funfun síta. Neutrophil gòkè sí 400, nígbà tó fi máa di ọjọ́ keje ó ti tó 1,600, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìdí wú fùkẹ̀, ó pọ́n, ó gbóná. Ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé a ti bà á jẹ́, ara tó ti ń yá tẹ́lẹ̀. Àlàyé lọ títí. Ọmọ ogun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ariwo ìjà ni wọ́n ń gbọ́ yẹn. Skáànù fi omi hàn lábẹ́ ibẹ̀, wọ́n là á, ẹ̀jẹ̀ dídì àti ọyún jáde, láàbù sì rí Staphylococcus aureus nínú ẹ̀, irú èyí tí flucloxacillin ń pa, a wá fi ìyẹn rọ́pò àwọn oògùn ńlá. Ara gbígbóná tí wọ́n bá wá kì í ṣe látọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn o, wọ́n ti ń gbọ̀n kí wọ́n tó dé kẹ́míìsì. Ìṣòro kejì ni abẹ́rẹ́ fi kún ti àkọ́kọ́, òun ló sì mú wọn pẹ́ lọ́síbítù jù.

Wọ́n lọ sílé, ojú ọgbẹ́ sì gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan ká tó ṣíwọ́ dírẹ́sì rẹ̀. Kímò kẹta ní láti dúró. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú bí dókítà jẹjẹrẹ ṣe ṣe é ni pé kò fi ìbẹ̀rù dín oògùn kù. Ó ní kímò yìí la fẹ́ fi lé àrùn náà lọ pátápátá, kò dáa ká máa bù ú kù bí ọ̀nà míì bá wà, ó ní kí wọ́n máa gba filgrastim láti ọjọ́ kejì kímò, lójoojúmọ́, ọjọ́ márùn-ún. Ó dùn ún sọ. Oògùn yẹn gbọ́dọ̀ wà láàrin 2 sí 8 nínú fíríìjì, iná ọba ní Ìkòròdú sì ń ṣe bó ṣe wù ú. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kó o sínú kúlà tí wọ́n kó yìnyín kún, mo ní rárá, kò yẹ kí yìnyín kàn án kó wá dì. A wá fi í sílẹ̀ ní fíríìjì ọsibítù wa tí sólà ń gbé, ìyá ń fi kẹ̀kẹ́ wá gbà á láràárọ̀.

Filgrastim máa ń jẹ́ kí egungun ro èèyàn, ìdí, ẹ̀yìn, itan. Ó ro wọ́n, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì fẹ́ lọ gba diclofenac. Paracetamol la ní kí wọ́n lò, àmọ́ ẹ rí i pé ibẹ̀ náà la ti tún pàdé ohun tó tàn wọ́n jẹ níbẹ̀rẹ̀. Torí náà wọ́n ra tẹmọ́mítà tiwọn, òfin sì ni pé kí tẹmọ́mítà kọ́kọ́ wọlé kí paracetamol tó wọlé, kí ọmọ kọ nọ́ńbà àti aago sínú ìwé kékeré kan. Tó bá ti dé 38, kò sí paracetamol mọ́, mọ́tò ló kù.

Ìwé Òyìnbó yẹn, a kọ tiwa ní Yorùbá, ojú ìwé kan, wọ́n fi í sínú pọ́ọ̀sì. Orúkọ kímò, ọjọ́ tí wọ́n gbà á gbẹ̀yìn, kí wọ́n má gún mi lábẹ́rẹ́ nínú ẹran ara, kí wọ́n má ki nǹkan kan bọ̀ mí nídìí, ẹ wo ẹ̀jẹ̀ mi, ẹ fún mi ní àntíbáyọ́tíìkì inú iṣan kẹ́ ẹ tó gbé mi lọ síbikíbi. Lẹ́yìn náà, ọsibítù méjì ní Ìkòròdú tí wọ́n lè dé lóru, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tó ní mọ́tò. A tún kọ ẹni tó máa gbé wọn tó bá jẹ́ ọjọ́ Orò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé Ìkòròdú mọ̀ pé obìnrin kì í jáde nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí àìsàn bá sì bọ́ sírú ọjọ́ yẹn, ọkùnrin àdúgbò tó mọ ẹni tó yẹ kó bá sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Pọ́ọ̀sì yẹn ni wọ́n á nà sí oníkẹ́míìsì, wọn ò ní láti la ẹnu sọ nǹkan kan níwájú ẹnikẹ́ni.

Oníkẹ́míìsì náà, mo lọ bá a. Kò bínú. Ó ti wá ń pe àwọn èèyàn sẹ́yìn kọ́ńtà báyìí kó tó bi wọ́n ní ìbéèrè, ìbéèrè rẹ̀ sì ti yí padà, kì í ní "oògùn wo lẹ ń lò" mọ́, ó ń ní "ṣé ẹ ti gba dírípù tàbí abẹ́rẹ́ kankan lọ́síbítù láàrin oṣù yìí, kí lẹ sì ti gbé mì lónìí?" Ìyẹn ń mú ìdáhùn wá, torí kò dárúkọ àìsàn kankan fún wọn.

Ọ̀gá mi kan níbi iṣẹ́ ní ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gba kímò ní àntíbáyọ́tíìkì ciprofloxacin nílé, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fúnra wọn tára bá gbóná, torí pé ọ̀nà jìn. Mi ò bá a gbà á. Ní àdúgbò tí àwọn èèyàn ti ń ra ciprofloxacin bí ẹni ra tọ́míìtómíì, ó máa di paracetamol kejì ni, ó máa bo nǹkan mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì, èèyàn á tún jókòó sílé. Tó bá jẹ́ pé dókítà wọn ló fún wọn, tó mọ̀ wọ́n, tó sọ fún wọn pé ẹ gbé e mì nígbà tẹ́ ẹ bá ti wà nínú mọ́tò, ìyẹn yàtọ̀.

Lẹ́yìn kímò kẹta, ní ọjọ́ kọkànlá, tẹmọ́mítà ka 38.2 ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Aago méje kọjá díẹ̀ wọ́n ti wà níwájú wa, wọn ò tíì gbé nǹkan kan mì, ìwé Yorùbá wà lọ́wọ́ ọmọ. BP dáa. Abẹ́rẹ́ inú iṣan àkọ́kọ́ wọlé kí èsì tó jáde. Neutrophil 2,300. Láàbù wo ẹ̀jẹ̀ nínú maikirosíkóòpù, kòkòrò ibà kún ibẹ̀ bámú. Wọ́n sùn mọ́jú lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì gbé oògùn ibà lọ sílé láàárọ̀.